Bí Mo Ṣe Fi Ìkúnlẹ̀ Pa Ìwé Bàbá Onígi Rẹ́

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Mọ́tò gbé mi, mo sọ̀kalẹ̀ ní Pobè, ó parí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó kúrò nílé ni pé èèyàn lè dé ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá rẹ̀, kó sì tún di àlejò níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní ni mo ti rí i. Mo kí obìnrin tó ń ta àtàsí níwájú ṣọ́ọ̀bù tí mo wá ṣiṣẹ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ ni wọ́n ń pè ní àtàsí níbẹ̀. Ó dá mi lóhùn dáadáa, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, inú mi dùn. Ó wá ní kí n bá òun na fúrúṣẹ́tì. Mo dúró, mò ń wò bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Àṣé fọ́ọ̀kì ni! Bí mo bá rò pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, Faransé kan á yọ orí jáde láàárín rẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé Faransé kọ́, èdè Gun ni. Èmi náà, bí mo bá ti la ẹnu, ẹ̀rín ni: “Ọmọ Nàìjíríà ti dé o! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀!” Èmi ni mò ń fa ọ̀rọ̀? Ọmọ Ìsẹ́yìn?

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ọ̀rẹ́ kan ní Pobè tó ń wá ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀rẹ́ yẹn ló gbà mí. Pàtírọ̀n ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́ mọ́ ọ, wàá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó pariwo. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní kí n tẹ lẹ́tà kan fún oníbàárà. Mo jókòó bí ọ̀gá, mi ò tiẹ̀ wo ọwọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ wìrìwìrì. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo “a” ti di “q”. Àwọn bọ́tìnnì wọn kò tò bíi tiwa! Pàtírọ̀n wo bébà náà, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ká a sápò. Lọ́jọ́ wo ni yóò yọ ọ́ fi ṣe mí yẹ̀yẹ́, mi ò mọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí di òní.

Ojú mi rí ìdánìkanwà, mi ò ní purọ́. Nílé, bí mo bá ń wúkọ́, ẹni mẹ́ta á bi mí pé kí ló dé. Ní Pobè mo lè sunkún nínú yàrá mi tẹ́nì kankan ò ní gbọ́. Ohun tí mo fi ń lé àárò ilé ni dísìkì kékeré kan tí mo mú wá. Sinimá ilé wa ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mo gbé e sí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Àwọn tó wà nínú sinimá ni mò ń bá jẹun, àwọn ni mò ń bá jà, bí ìyálé burúkú bá ń dá ìyàwó lóró, èmi ni mò ń bú u láti orí ibùsùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Ohùn ilé ni mò ń wá.

Ìyá mi ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè mí. Ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń bi mí, kò yí i padà rí. “Ṣé o ti jẹun? Ṣé ara ẹ le? Ṣé ò ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà?” Bí mo bá ní, “Ìyá mi, mò ń kúnlẹ̀,” á ní, “Ìlú tó o bá dé, orúnkún ẹ ni pásípọ́ọ̀tù ẹ. Má jẹ́ kó sọnù.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kúnlẹ̀ káàkiri Pobè. Oníbàárà tó bá ti ní ewú lórí báyìí, mo ti wà nílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wọ̀nyí ni Bàbá Onígi. Ọmọ Ahoyéyé ni, ṣùgbọ́n Sakété ló kọ́lé sí. Iṣẹ́ igbó àti ọ̀pẹ ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìntì, kò sì sí igi tó wà láti Pobè títí dé Sakété tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ewé àti èèpo rẹ̀ ṣe. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìka méjì péré ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Lẹ́tà tó ń lò tóbi tó ẹ̀wà, síbẹ̀ yóò tún fẹjú mọ́ ọn. Òun tìkára rẹ̀ ló sì ya fọ́tò àwọn igi náà nígbà tí ojú ṣì ń ríran.

Ọjọ́ tó gbé ẹ̀rọ náà wá, ó ṣí fọ́tò àràbà kan hàn mí, igi ńlá tí ọkùnrin kan dúró ní ìdí rẹ̀ tó dà bí ọmọ ìkókó.

“Ní Towé ni,” ó ní. “Ṣé o fẹ́ lọ wò ó?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O ò lè rí i. Wọ́n gé e nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù sí. Irú igi bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀.”

Kòkòrò ló wọ ẹ̀rọ náà, irú kòkòrò kọ̀ǹpútà tó máa ń jẹ ìwé èèyàn run. Ó ti jẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo tí Bàbá ní lórí kilé, nǹkan pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ nìkan ni ìwé wá kù sí. Bátìrì ẹ̀rọ náà sì ti kú tipẹ́, iná ògiri nìkan ló ń jẹ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Sakété ti ní kó mú ìwé náà wá lóṣù yẹn. Pàtírọ̀n ní kí a fi Línúsì sí i. Ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni, ó fúyẹ́ fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu. A ó pín dísìkì inú ẹ̀rọ náà bí ẹni pín ilé sí yàrá: a ó fi yàrá ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù Bàbá, a ó sì kọ́ yàrá Línúsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa: kí o tó fọwọ́ kan dísìkì olóhun, kọ́kọ́ da ẹrù rẹ̀ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà Pàtírọ̀n lọ sí Cotonou, ó sì gbé dísìkì ńlá ṣọ́ọ̀bù dání. Dísìkì kan ṣoṣo tó lè gba ẹrù Bàbá ni tèmi, sinimá ló sì wà nínú rẹ̀. Kí n pa sinimá mi rẹ́? Láéláé. Mo lè dúró dọ̀la, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Pàtírọ̀n dé kó bá iṣẹ́ ní píparí, kó lè mọ̀ pé ọmọ Ìsẹ́yìn kì í ṣe ọmọ “q”. Mo sọ fún ara mi pé, ìṣẹ́jú ogójì péré ni, kí ló lè ṣẹlẹ̀?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Línúsì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ń pín dísìkì lọ́wọ́, Bàbá Onígi sì yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti ọjà dé, ó fẹ́ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Bí mo ṣe rí ewú orí rẹ̀ báyìí, mo fò dìde, mo yí tábìlì po, mo kúnlẹ̀ wọlẹ̀ gbàà: “Ẹ káàsán, Bàbá! Ẹ kú ọjà o!” Orúnkún mi balẹ̀ lórí wáyà. Wáyà fà, ó já kúrò nínú rálọ́ńjì, ohun tí à ń pè ní ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n nílé. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn biribiri.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò lè dìde.

Bàbá ní, “Kí ló dé, ọmọ mi?”

Ẹnu mi ló yára jù mí lọ. Mo ní, “Iná ló lọ, Bàbá.”

Ó gbé ojú sókè wo àjà, ó pẹ́ díẹ̀ tó ń wò ó. Ó wá ní, “Ó dáa. Iná máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó bèèrè ìgbà tí òun lè padà, mo ní kó jẹ́ kí ọjà kan kọjá. Ó kí mi pé mo kúṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Òógùn bò mí. Mo gbé orí sókè kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ mi lójú, ìgbà náà ni mo rí fáànù àjà tó ń yí wìì, wìì, wìì. Kò dúró rárá. Ha! Mo gbá ara mi létí. Ohun kan ṣoṣo tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ojú Bàbá ti ń ṣú, mo ní kò lè rí i.

Mo ki wáyà bọ̀ ọ́ padà, mo tan ẹ̀rọ. Kò tàn dé ibì kankan. Mo fi kilé Línúsì wo inú dísìkì rẹ̀. Òfìfo ni. Kò sí yàrá ti tẹ́lẹ̀, kò sí tuntun. Ìwé ọdún mẹ́fà, àràbà Towé, gbogbo ẹ̀, mo ti fi orúnkún gbá a dànù. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò tijú.

Ẹ̀rù wá kọ́ mi ní ọgbọ́n burúkú. Mo ní kí n tún fi Línúsì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà sáà ti tàn. Bí Bàbá bá bèèrè ìwé rẹ̀, màá ní kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Mi ò mọ ohun tó mú mi gbé fóònù dípò rẹ̀. Mo pe Ìyá mi.

“Ta ló kú?” Ohun àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn, torí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú.

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá mi.” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi ìkúnlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó wá ní, “Kí lo sọ fún bàbá náà?”

“Mo ní iná lọ.”

“Ṣé iná lọ?”

Mo gbé ojú sókè wo fáànù.

“Gbọ́, ìkúnlẹ̀ tí irọ́ bá tẹ̀ lé e, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ mọ́. O kàn fi orúnkún gbálẹ̀ ni. Fi ẹ̀rọ oní-ẹ̀rọ sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án mọ́ títí ọ̀gá ẹ á fi dé, kó o sì sọ òótọ́ fún un. Ṣé o ti jẹun?”

Mo pa ẹ̀rọ náà, mo gbé e sórí pẹpẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Pàtírọ̀n dé. Mi ò jẹ́ kó tíì jókòó tí mo fi kà á fún un láti orí dé ìrù, títí kan ti sinimá. Ó dákẹ́, irú ìdákẹ́ rẹ̀ yẹn. Ó wá ní, “O ò tún fi Línúsì sí i lẹ́yìn náà?”

“Rárá, Pàtírọ̀n.”

“O ò kọ nǹkan kan sórí rẹ̀?”

“Rárá.”

“Mèsí, Ọlọ́run!” Ó jókòó. “Ìgbà tí ẹ bá pín ilẹ̀ ìdílé nílé yín, kí lẹ fi ń dá ààlà mọ̀?”

“Pèrègún la máa ń gbìn.”

“Pèrègún lo fà tu. Ilẹ̀ ò sá lọ síbì kankan. Iwájú dísìkì ni ìwé kékeré kan wà tó sọ pé ìpín báyìí bẹ̀rẹ̀ níbí, ó parí síbí. Ìwé yẹn ló bàjẹ́, ẹrù bàbá ṣì wà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá wá kọ́lé lé e lórí nísinsìnyí ló pa á run.”

Mo rántí ọwọ́ mi lórí bọ́tìnnì yẹn.

Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da gbogbo dísìkì náà kọ pátápátá, bó ṣe rí gan-an, sórí dísìkì mìíràn, orí ẹ̀dà yẹn la ó sì ti ṣiṣẹ́. Ẹrù oníbàárà mìíràn ti kún ti ṣọ́ọ̀bù. Kò wò mí, kò ní kí n mú tèmi wá. Èmi fúnra mi ni mo lọ mú un. Mo pa sinimá mi rẹ́, gbogbo wọn, ìyálé burúkú, ìyàwó, àti ọba tó ń fi ojoojúmọ́ bínú. Ó dùn mí wọra, mi ò ní ṣe bí akọni.

Odindi ọjọ́ kan ni dídà á kọ gbà. Lẹ́yìn náà a gbé ètò kan dìde tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wíwá ààlà tó sọnù lọ. Ó ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ dé òpin, ó ń wò bóyá yóò rí ibi tí ẹnì kan ti gbin nǹkan rí. Èmi àti Pàtírọ̀n jókòó tì í, àtàsí wa tutù lọ́wọ́ wa. Lójijì ni ìlà kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo ní kó fi ohun tó wà nínú ìpín náà hàn mí. Orúkọ ìwé Bàbá ló wà lókè pátápátá. Mo ṣí i. Lẹ́tà ńláńlá, tó ẹ̀wà! Mo pariwo débi pé obìnrin alátàsí sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi.

Ayọ̀ náà kò pé. Línúsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdí yàrá ti tẹ́lẹ̀ kí wáyà tó já, ibẹ̀ gan-an ni àwọn fọ́tò wà. A fi ètò mìíràn ṣa wọ́n ní ẹyọ ẹyọ, bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà nínú iyanrìn. Gbogbo wọn jáde, àràbà Towé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí Bàbá fún wọn ti sọnù. Nọ́ńbà lásán ló wà lára wọn. Igi lórí igi lórí igi, tí ẹnikẹ́ni kò mọ èwo ni èwo.

“Ta ló máa sọ fún un?” Pàtírọ̀n ló béèrè, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́.

Mo gun ọkadà, zẹ́mì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, mo dé Sakété. Bàbá Onígi jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀, níbo ni ì bá tún jókòó? Mo kúnlẹ̀, mi ò sì dìde. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́ fún yín. Iná ò lọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo fi orúnkún fa wáyà nígbà tí mò ń kí yín. Mi ò kọ́kọ́ da ẹrù yín síbòmíràn bó ṣe yẹ, nítorí sinimá. Ìwé yín ti padà. Fọ́tò yín ti padà, ṣùgbọ́n orúkọ wọn sọnù. Ẹ foríjì mí.”

Bàbá gbé ojú sókè wo ewé igi. Ó wá ní, “Fáànù ń yí.”

“Bàbá?”

“Fáànù yín. Lọ́jọ́ yẹn. Ojú mi ń ṣú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mi lórí. Ṣé iná lọ tán ni fáànù á máa yí?”

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. “Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ nǹkan kan?”

“Kí ni kí n sọ? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, láti orí àlùpùpù ni wọ́n ti ń ju ‘bọ̀ǹjúù’ sí mi. Ọmọ kan wá láti ìlú òkèèrè, ó rí mi, ó fò wọlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ kú, mo mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ rẹ ló pa á. Mo ní bí mo bá pariwo mọ́ ọ níbẹ̀, o ò ní kúnlẹ̀ fún àgbà kankan mọ́ ní Pobè. Ìwé mi dùn mí, àní mi ò sùn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí nǹkan méjì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.”

Mo sunkún lórí orúnkún mi níbẹ̀, bí ọmọdé. Bàbá jẹ́ kí n sun ún tó. Ó wá ní, “Ó tó, dìde. Gbé àwọn igi náà wá, ká sọ wọ́n lórúkọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Sakété ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ilé ìtẹ̀wé gbà láti dúró dè wá. Bàbá kò lè rí fọ́tò dáadáa, èmi ni mò ń wò ó fún un. Á ní, “Èèpo rẹ̀ ńkọ́? Ó ń ṣí ni, àbí ó dán? Ewé rẹ̀? Méjì méjì ni, àbí ó fọ́nká?” Bí mo bá sọ ọ́ tán, á di ojú, á ní, “Ahùn ni. Ẹ̀bá odò ní Yoko ni mo ti yà á.” Èmi á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà míì mo máa ń ṣe àpèjúwe ìkòkò tó wà nídìí igi tàbí ajá tó ń kọjá lọ, ìyẹn náà ló máa ń fi rántí. Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀kan, mi ò dúró de ìbéèrè rárá.

“Bàbá, ayùnrẹ́ nìyí!”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ó wà lẹ́yìn ilé wa n'Ísẹ́yìn. Abẹ́ rẹ̀ ni Ìyá mi ti ń fọṣọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kọ ọ́ sí i. Kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é n'Ísẹ́yìn pẹ̀lú.”

Mo kọ ọ́. Ṣé ẹ rí i, mo ti ń wá ohùn ilé nínú dísìkì, àṣé ilé gan-an ló dúró sínú igbó Pobè, ó ń fi ewé juwọ́ sí mi láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mi ò tún gba sinimá míì. Kì í ṣe pé mo bínú sí i, àyè rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Ọdún kẹrin mi rèé níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo bá la ẹnu, èmi náà sì ti ń rẹ́rìn-ín wọn padà. Mo ti mọ ibi tí “a” wà. Ìyá mi ṣì ń bèèrè ìbéèrè rẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti ní ìdáhùn tuntun fún ẹ̀kẹta: “Mò ń kúnlẹ̀, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ wo ilẹ̀ ná.”

Lọ́jọ́ tí ìwé náà jáde, Bàbá Onígi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń tún ẹ̀rọ olùkọ́ kan ṣe, wáyà kún ilẹ̀. Mo rí ewú orí rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ré wáyà kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo jáde sí gbangba, mo sì kúnlẹ̀ fún un nínú iyanrìn ìta, níwájú alátàsí àti gbogbo ọlọ́kadà. Ó dúró lé mi lórí, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà, ó ń díbọ́n pé òun ń wo inú ṣọ́ọ̀bù.

“Fáànù ń yí?” ó ní.

“Ó ń yí, Bàbá,” ni mo dá a lóhùn.